Ìrìn Àjò Ọmọ Olówó: Bí A Ti Ń Hun Eré Apanilẹ́rìn-ín Ojú Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ sinimá ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé kí ni ó kan sinimá nínú ọ̀rọ̀ ilé, ṣùgbọ́n ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni eré tí mo fẹ́ tú palẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú bọ́ọ̀sì àti ẹ̀bá títì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wáyé.

Àwọn àgbà wa ti fi gbólóhùn kan sọ egungun irú eré bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Ìjàpá ń lọ sí àjò, wọ́n bi í léèrè ìgbà tí yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ẹnì kan gbéra, ó ní ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe dídé ibẹ̀ ni ìtàn ń dúró dè, bí kò ṣe ìgbà tí ọ̀nà yóò tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ rí láti Ìbàdàn, tí ó gba Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn, tí ó sì tún forí lé Ṣakí, mọ̀ bí ó ti rí. Ọkọ̀ kì í tíì jìnnà sí gáréèjì tí a ti ń mọ ẹni tí ó láhun, ẹni tí ó ń purọ́, àti ẹni tí yóò bu àkàrà rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ọdún 1934 ni ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé eré kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ It Happened One Night. Frank Capra ni ó darí rẹ̀. Robert Riskin ni ó kọ ọ̀rọ̀ eré náà láti inú ìtàn kan tí Samuel Hopkins Adams kọ, èyí tí ìwé ìròyìn Cosmopolitan tẹ̀ jáde ní 1933. Ẹ̀bùn Oscar márùn-ún ni ó gbà: ti eré tí ó dára jù lọ, ti olùdarí, ti òṣèré ọkùnrin, ti òṣèré obìnrin, àti ti ìwé eré. Kò sí eré kankan ṣáájú rẹ̀ tí ó kó márààrún náà pọ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ eré ìrìn àjò ni ó ti tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ olówó kan tí ń jẹ́ Ellie, èyí tí Claudette Colbert ṣe, ti bá awakọ̀ òfurufú kan ṣe ìgbéyàwó ní ìkọ̀kọ̀. Baba rẹ̀ kò fẹ́ ọkùnrin náà rárá, ó sì há ọmọ rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ ní Miami. Ọmọ kọ̀ kò jẹun, baba gbá a létí, ọmọ sì bẹ́ sínú omi, ó lúwẹ̀ẹ́ lọ. New York, níbi tí ọkọ rẹ̀ wà, ni ó ń lọ. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ baba rẹ̀ sì ti ń ṣọ́ ọ̀nà. Nítorí náà ni ẹni tí kò dá lọ sí ibì kan rí ṣe wọ bọ́ọ̀sì òru láàrin àwọn mẹ̀kúnnù.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ibí yìí, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eré ìrìn àjò ti ń kùnà. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn tí ó rọrùn. Bí Ellie bá lè wọ ọkọ̀ òfurufú, wákàtí díẹ̀ ni yóò fi dé, ìtàn sì parí. Òǹkọ̀wé kò sì gbọdọ̀ fi èèṣì lásán ti ilẹ̀kùn náà. Ohun tí ó wà nínú ìwà àwọn ènìyàn inú eré ni kí ó fi tì í. Àgídí ọmọ àti agbára baba ni ó lé Ellie dé inú bọ́ọ̀sì.

Inú bọ́ọ̀sì náà ni ó ti pàdé Peter, akọ̀ròyìn tí olóòtú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò níbi iṣẹ́. Clark Gable ni ó ṣe é. Ìjà àyè ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n fi pàdé. Nígbà tí Peter mọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́, ó bá a dá àdéhùn: òun yóò mú un dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí òun kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Bí ó bá kọ̀, òun yóò ránṣẹ́ sí baba rẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe ìfẹ́ ni ó dà wọ́n pọ̀. Olúkúlùkù ní ohun tí ó ń wá lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ní Ìsẹ́yìn, àwọn ahunṣọ máa ń ta òwú gígùn jìnnà sílẹ̀ níwájú òfì, wọn a sì gbé ẹrù lé ìkángun rẹ̀ kí ó má baà dẹ̀. Bí aṣọ ti ń gùn ni ẹrù náà ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ ahunṣọ. Ọ̀nà Miami sí New York ni òwú gígùn inú eré yìí, òwú ìdábùú sì ni ohun tí ọ̀nà ń gbà lọ́wọ́ Ellie. Olè gbé báàgì rẹ̀. Ó rò pé bọ́ọ̀sì yóò dúró de òun bí àwọn ìránṣẹ́ ilé ṣe máa ń dúró, bọ́ọ̀sì sì já a sílẹ̀. Òjò ba afárá jẹ́, wọ́n sì níláti sùn ní ilé àlejò kékeré kan. Obìnrin kan dákú nínú ọkọ̀ nítorí ebi, ọmọ rẹ̀ ń sunkún, wọ́n sì fi owó ọwọ́ wọn fún ọmọ náà. Lẹ́yìn èyí, èrò ọkọ̀ kan dá Ellie mọ̀ nítorí pé baba rẹ̀ ti ṣèlérí 10,000 dọ́là fún ẹni tí ó bá rí i, ni wọ́n bá fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú oko. Ọmọ tí kò fẹ́ jẹ oúnjẹ baba rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi wá ń jẹ kárọ́ọ̀tì tútù. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó sì gbà á nígbà tí ebi dé. Oúnjẹ méjì yìí ni òǹkọ̀wé fi sọ bí ó ti yí padà.

Ọ̀nà sì ń já Peter náà kulẹ̀. Ó ti fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣàlàyé bí a ti ń fi àtàǹpàkò dá ọkọ̀ dúró, ọkọ̀ kan kò sì dúró. Ellie gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tẹ bíréèkì. Bí a bá ń já ẹnì kan ṣoṣo kulẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni. Bí a bá já àwọn méjèèjì, wọ́n di ẹgbẹ́.

Ní ilé àlejò, wọ́n fi orúkọ ọkọ àti aya gba yàrá. Peter ta okùn sáàrin ibùsùn méjèèjì, ó fi kúbùsù kọ́ ọ, ó sì pè é ní odi Jẹ́ríkò. Ní òwúrọ̀, òun ni ó se oúnjẹ. Bí wọ́n ti ń jẹun ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọlé, àwọn méjèèjì sì ṣe bí tọkọtaya tí ń jà. Peter ń pariwo, Ellie ń sunkún. Kíá ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbà pé lọ́kọláya ni wọ́n, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nígbà tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, tí ọkùnrin ń din ẹyin, kò sí ẹni tí ìbá pè wọ́n ní tọkọtaya. Igbe ni ó jẹ́ ẹ̀rí ìgbéyàwó lójú ayé! Nínú gbogbo eré náà, ibí ni mo rò pé òǹkọ̀wé gbọ́n jù. Ó fi oúnjẹ ṣáájú ìjà, kí àwa tí a ń wòran lè mọ èyí tí í ṣe òtítọ́ àti èyí tí í ṣe irọ́.

Nítorí náà ni inú mi kò ṣe dùn sí ọ̀rọ̀ kan tí Peter sọ fún baba Ellie nígbà tí eré ń parí lọ, pé ọkùnrin tí yóò máa lu ọmọ yìí lójoojúmọ́ ni ó tọ́ sí i. Ẹ̀rín ni wọ́n fẹ́ fi í pa ènìyàn ní 1934. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Eré tí ó ti fi ariwo ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà tí ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó tún fi ìlù obìnrin ṣe àwàdà, ẹ̀yin tí ẹ bá sì wà nílé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí sinimá kankan sọ fún yín pé ìfẹ́ ni.

Ìpínyà ni ìdámẹ́ta tí ó kẹ́yìn. Ní òru tí ó ṣáájú New York, Ellie sọ fún Peter pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Peter kò fẹ́ fi ọwọ́ òfìfo fẹ́ ìyàwó, ó sì yọ́ jáde lọ gba owó lọ́wọ́ olóòtú rẹ̀ nígbà tí Ellie ti sùn. Kò jí i, kò sọ ibi tí ó ń lọ. Àwọn tí ó ni ilé àlejò lé obìnrin náà síta. Ó rò pé ọkùnrin ti já òun sílẹ̀, ó sì ké sí baba rẹ̀. Ọ̀pọ̀ eré ni ó ń lo irú àṣìgbọ́ yìí bí àdábọwọ́, tí a ó máa sọ pé ṣé wọn kò lè bi ara wọn ni. Ti eré yìí dúró dáadáa nítorí pé ìgbéraga owó tí ó mú Peter lọ ti wà lára rẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí ó tọ baba lọ, kò béèrè 10,000 dọ́là. Dọ́là 39 àti sẹ́ǹtì 60 péré, owó tí ó ná lójú ọ̀nà, ni ó ní kí wọ́n san. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣírò owó ọjà mọ ohun tí ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń sọ nípa ènìyàn. Baba náà mọ̀ ọ́n. Bí ó ti ń mú ọmọ rẹ̀ lọ síwájú àlùfáà láti so ó pọ̀ mọ́ awakọ̀ òfurufú náà, ó sọ sí i létí pé ọkọ̀ kan ń dúró dè é. Ọmọ tún sá, ṣùgbọ́n ní tòótọ́, baba tí ó há a mọ́ ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Àwa náà ní tiwa. Ní 1982, Ọlá Balógun darí Ọ̀run Móoru, nínú èyí tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, rìn dé ọ̀run. Kò sí àjò tí ó jìnnà ju ìyẹn lọ. Ní 2021, Káyọ̀dé Kasum darí Soólè, tí Àdùnní Adé ṣe obìnrin àjẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì nínú rẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì tí ń ti Èkó lọ sí Enugu ní àsìkò Kérésìmesì. Ẹ mọ ohun tí soólè jẹ́: kí ọkọ̀ máa gbé èrò lójú ọ̀nà dípò gáréèjì. Orúkọ yẹn nìkan ti tó ìtàn. Ènìyàn méjì ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ka àárín eré tiwọn. Tiwa fẹ́ kí ọkọ̀ kún.

Bí ẹ bá rí It Happened One Night wò, dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀, kò sì tó wákàtí méjì. Ẹ ṣọ́ kúbùsù náà. Ní ìparí, a kò rí Ellie, a kò rí Peter. Bàbá àti ìyá tí ó ni ilé àlejò kan ni wọ́n dúró níta lóru, tí wọ́n ń ṣe kàyéfì ohun tí tọkọtaya tuntun fẹ́ fi okùn, kúbùsù àti fèrè ọmọdé ṣe. Fèrè dún, kúbùsù sì já lulẹ̀.