Rímù Ńlá, Táyà Pẹlẹbẹ: Ẹ Má Fi Ẹ̀mí Ra Ẹwà

Àwọn àgbà ní ẹni tó fẹ́ arẹwà fẹ́ ìyọnu. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, òwe yìí ò mọ sórí obìnrin nìkan o, ó kan ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹ wo àwa ọ̀dọ́ ìwòyí. Bí ẹlòmíì bá ti ra tòkunbọ̀, kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọjà Ládìípọ̀ ní Mushin ló máa kọ́kọ́ gbà lọ. Rímù ńlá tó ń dán yinrinyinrin ló ń wá, àti táyà pẹlẹbẹ tó máa wọ̀ ọ́n. Bó bá ti kó o sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tán, ojú gbogbo àdúgbò á yí sí i.

Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ lẹ́tà sí ojú ìwé yìí. Ó ní Corolla ọdún 2006 lòun ń lò, òun náà lòun fi ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Rímù 15 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òun fẹ́ gbé 18 sí i, àmọ́ ìyàwó òun ní kò ní í ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n bá àwọn dá ẹjọ́ náà. Ó dáa. Èmi náà ọ̀dọ́ ni, ọkọ̀ tó dúró dáadáa wù mí, ṣùgbọ́n mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹ jẹ́ ká lọ bi táyà fúnra rẹ̀ léèrè.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Púpọ̀ nínú irú Corolla yẹn, 195/65R15 lẹ máa rí. 195 ni ìbú táyà ní mìlímítà. 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn, bíi mìlímítà 127. 15 ni rímù, ní íńṣì. Òfin àwọn tó mọṣẹ́ ni pé bí rímù bá ń tóbi, ẹ̀gbẹ́ táyà gbọ́dọ̀ máa kéré, kí gíga gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ má bàa yí padà. Bí ẹ bá fẹ́ lo 16, ẹ ra 205/55R16. Bó bá jẹ́ 17, 225/45R17. Bó bá jẹ́ 18, 225/40R18. Gbogbo wọn, gíga wọn ò ju mìlímítà 632 sí 637 lọ.

Ẹni tó bá tàpá sí òfin yìí, mítà ọkọ̀ á máa parọ́ fún un. Bó bá gbé 225/55R17 sí Corolla náà, mítà á ní eré 100 ló ń sá, bẹ́ẹ̀ 107 ló ń sá ní tòótọ́. Táyà tún lè máa ha ara ọkọ̀ nígbà tó bá fẹ́ yà.

Wàyí o, bí gíga 18 ò bá yàtọ̀, kí ni ìyàwó ń bá jà? Ẹ̀gbẹ́ táyà ni o. Ti 15 jẹ́ mìlímítà 127, ti 18 jẹ́ 90 péré. Ohun tó sọnù láàárín wọn tó ìbú ìka ọwọ́ méjì. Ìka méjì yẹn ni ìyàwó ń jà fún! Rọ́bà àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń bá wa gba ìyà kòtò. Ẹ sì mọ títì wa: kòtò níhìn-ín, bọ́ǹpù lọ́hùn-ún, bí òjò bá rọ̀, omi á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí táyà pẹlẹbẹ bá já sí kòtò, etí kòtò á fún un mọ́ rímù. Okùn inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á já, ibẹ̀ á wú bí ẹyin. Táyà tó bá ti wú bẹ́ẹ̀ kò ṣe é lẹ̀, yíyọ ni kẹ́ ẹ yọ ọ́, torí ó lè bẹ́ lórí eré. Rímù náà lè tẹ̀ tàbí kó sán.

Kì í ṣe pé táyà pẹlẹbẹ ò wúlò. Ọkọ̀ kì í fì púpọ̀ ní kọ́nà, rímù ńlá sì ń fún bíréèkì ńlá láyè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó fún ọkọ̀ asáré. Ojú títì tó tẹ́jú ló dá a fún.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ pààrọ̀, kó ṣọ́ra. Rímù Camry kò wọ Corolla yìí: méjèèjì ní nọ́ọ̀tì márùn-ún, àmọ́ àyíká tí nọ́ọ̀tì Corolla tò sí jẹ́ mìlímítà 100, ti Camry jẹ́ 114.3. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á lu ihò míì sí i, ẹ wa ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Ẹ má sì ra táyà tòkunbọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù pàápàá kà á mọ́ ọjà tí kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ojú rẹ̀ lè nípọn kí okùn inú rẹ̀ ti já. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bó bá ti gbó, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹjọ́ mi rèé: ìyàwó ló jàre. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí ara yín ò bá gbà á, ẹ má kọjá 16, kó jẹ́ 205/55R16 tuntun, kẹ́ ẹ sì máa wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbóná. Àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn ò mọ iye tẹ́ ẹ ra rímù. Kí wọ́n ṣáà délé ni tiwọn.

Ẹni tí ẹjọ́ yìí ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó kọ̀wé sí wa. Ẹ ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.