Ọ̀RỌ̀ "SHE" NÍ ẸNU ÀWỌN ỌMỌ WA

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni a mú tọ̀ yín wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Nínú èdè wa, "ó" kan náà ni fún ọkùnrin àti fún obìnrin. Bí ẹni náà bá sì jẹ́ àgbà, "wọ́n" ni ọmọ tí a kọ́ yóò wí. Nítorí náà ni ọmọ ilé-ìwé ní Ibido, ní Ṣágámù, fi lè wí nípa ìyá rẹ̀ pé, "He is sick," tàbí, "They are sick." Ẹni tí ó gbọ́ ti ìṣáájú yóò máa wá ọkùnrin, ẹni tí ó gbọ́ èkejì yóò máa wá ọ̀pọ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan ṣoṣo ni ó dùbúlẹ̀ àìsàn.

"She" ni kí ó wí. Kò rí ìyá rẹ̀ fín, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kì í fi irú ọ̀rọ̀ yìí bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bí obìnrin bá ṣe nǹkan, "she" ni: "She called me." Bí a bá ṣe nǹkan sí i, "her" ni: "I called her."

Ẹ kíyè sí agbára lẹ́tà kan. Nínú àwọn ìtẹ̀jáde ìṣáájú ti Bíbélì Ọba James, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1611, Rúùtù 3:15 kà "he" nínú òmíràn, "she" nínú òmíràn. Nínú ọ̀kan, Bóásì ni ó wọ ìlú. Nínú èkejì, Rúùtù ni.

Ẹ má ṣe fi ọmọ ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ kọ́ ọ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé, "Ọkùnrin ni, tàbí obìnrin?" kí ó tó la ẹnu.