Asẹ́ Tó Ń Da Ìlà Ọkàn Rú Kò Yẹ Ilé Ìwòsàn

Fún àkọsílẹ̀ lílù ọkàn tí dókítà yóò fi mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, asẹ́ FIR ló tọ́, asẹ́ IIR lásán kò sì tọ́, ì báà yá, ì báà sì má wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí gba àríyànjiyàn rárá, bí kò ṣe ti onímọ̀ kan tó sọ ọ́ ní gbangba ní Adó-Èkìtì pé asẹ́ kan kò ju asẹ́ kan lọ, pé bí ìlà orí bébà bá ti mọ́, iṣẹ́ ti parí.

Asẹ́ níhìn-ín ni ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láti yọ ariwo kúrò lára àmì iná mànàmáná. FIR ń lo àwọn nọ́ńbà tó ń wọlé nìkan, nígbà tí IIR tún ń dá àbájáde tirẹ̀ padà sínú ìṣirò, ìdí nìyí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi kéré. Ìyàtọ̀ tó ṣe kókó wà nínú ìdádúró. FIR tí nọ́ńbà inú rẹ̀ bá bára mu láti òpin méjèèjì wá sí àárín ń dá gbogbo ìgbì dúró fún àkókò kan náà, ìrísí àmì kì í sì í yí padà. IIR ń dá ìgbì kọ̀ọ̀kan dúró ní tirẹ̀, ohun tó yẹ kó dé papọ̀ a sì dé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Nínú ECG, ẹ̀rọ tó ń ya iná tíntìntín tí ọkàn ń mú jáde, ìrísí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Apá ST, tó tẹ̀ lé ṣóńṣó gíga inú ìlà náà, ni dókítà ń wò láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ kò dé ibì kan nínú iṣan ọkàn. Mímí aláìsàn máa ń gbé ìlà náà sókè-sódò, IIR tó bá sì gé gbogbo ìgbì tó lọ́ra ju 0.5 Hertz, ìyẹn ìmì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì, lè rẹ ST sílẹ̀ tàbí kí ó gbé e sókè lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Ìdí nìyí tí Ẹgbẹ́ Ọkàn ti Amẹ́ríkà fi là á sílẹ̀ ní 2007 pé 0.05 Hertz ni ààlà, àfi asẹ́ tí kò da ìdádúró rú, èyí tó lè dé 0.67 Hertz.

Ẹni tó ní ìlà mímọ́ ni òpin iṣẹ́ kò tíì ronú dé ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ, nítorí ìlà tó mọ́ jù lọ ní ilé ìwòsàn ni ti ẹni tó ti kú, tó tẹ́ gbalaja láìsí gọ́ńgọ́ kan. Ó ń yin asẹ́ elliptic, irú IIR kan, pé ó ń gé bí abẹ, bẹ́ẹ̀ mímú yẹn gan-an ló ń da ìdádúró rẹ̀ rú. Ó ní FIR ń jẹ ìṣirò jù. Àwíjàre yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà kò lágbára. Lónìí, FIR tó ní nọ́ńbà 3,300, nínú ECG tó ń ka àmì nígbà 500 ní ìṣẹ́jú-àáyá, kò béèrè ju ìsọdipúpọ̀ 1,650,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá, ohun tí fóònù tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba ń ṣe láìmí kanlẹ̀. Ó gbàgbé jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú, èyí tí kì í dúró sórí 50 Hertz ti iná ìjọba, tí asẹ́ tóóró tí wọ́n ṣe láti gé ariwo 50 Hertz nìkan yóò sì máa gé ibi tí ariwo kò sí.

Ilé ẹ̀kọ́ ni àṣìṣe yìí ti ń wá, ó sì ti pẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ a há ìlànà asẹ́ tí Stephen Butterworth tẹ̀ jáde ní 1930 sórí, a ya àwòrán bí asẹ́ ṣe ń dín agbára ìgbì kù, ṣùgbọ́n olùkọ́ a fo àwòrán ìdádúró kọjá nítorí pé àkókò ti lọ. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń wọ ìgbìmọ̀ tó ń fi dídán ojú ẹ̀rọ ra ẹ̀rọ.

Òótọ́ ni pé FIR oní nọ́ńbà 3,300 yẹn yóò pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ, èyí tí oníṣẹ́ abẹ kò lè fara dà, ṣùgbọ́n bébà tí dókítà yóò jókòó kà lè dúró dè é. Òótọ́ sì ni pé IIR a tọ́ bí wọ́n bá tún mú àkọsílẹ̀ náà gba inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Kì í ṣe èyí ni alátakò náà ń jà fún. Àgbẹ̀ tó bá gbé àyà dídùn ti Ìgèdè tàbí Ìlawẹ̀ wá sí Adó kò ní béèrè irú asẹ́ tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ náà ló yẹ kó béèrè àwòrán ìdádúró kí ó tó béèrè iye owó, kí ó sì dá IIR lásán padà fún ẹni tó gbé e wá.