Oyè kọ́ ni olùgbọ́ ń wá

Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín tó ní kí wọ́n to gbogbo oyè àti ìwé ẹ̀rí olùbánisọ̀rọ̀ sórí áàpù àpérò. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tó ń fi àtàǹpàkò fa ojú fóònù sókè tí oyè kò sì tán, yàrá tó yẹ kí ó wọ̀ ló ń wá.

Ẹ jẹ́ ká fi oríkì ṣe àpẹẹrẹ. Ní Òkukù, ìlú tí kò jìnnà sí wa, ni Karin Barber ti ṣe ìwádìí oríkì, tó fi kọ ìwé tó jáde ní 1991. Ẹni tó mọ oríkì í kì kì í da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ṣa èyí tó bá ẹni iwájú rẹ̀ mu.

Kí áàpù náà ṣe bẹ́ẹ̀: àwòrán olùbánisọ̀rọ̀ tó hàn ketekete, orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn kí alága má baà ṣì í pè, iṣẹ́ kan tó ti ṣe lórí kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀, èdè tí yóò fi sọ̀rọ̀, yàrá àti aago. Ẹni tó bá fẹ́ oyè yòókù, kó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Kà sí i" sí.

Ẹ̀yin tó ń ṣe áàpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti olùgbọ́ kí ẹ tó ro ti olóyè.

Òǹkàwé yín,
Ìgbàyè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun