"Severely" kì í ṣe "gan-an" o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá sábẹ́ fídíò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Òkè-Fíà níbí, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ fóònù mi. Ọkọ̀ gbá ẹ̀gbọ́n wa kan, wọ́n kọ ọ́ pé "he was severely injured". Mo sáré sọ fún màmá mi: "Ó fara pa gan-an." Wọ́n ní, "Ẹ̀yà! Ọlọ́run á wò ó sàn. Tó bá dọ̀la, a máa lọ kí i." Wọ́n sì padà sídìí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń rẹ́.

Ìgbà tí mo ní, "Màámi, yánnayànna ni o!" ni wọ́n ju ọ̀bẹ sílẹ̀, tí wọ́n ń wá gèlè.

Ẹ̀bi tèmi ni. Èmi náà ló ń sọ pé ìrẹsì dùn gan-an, bàtà yẹn fíìnì gan-an. A ti lo "gan-an" débi pé kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan tó burú ni "severely" sábà máa ń bá rìn: wọ́n nà án, ó fara pa, ilé bàjẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Yorùbá kì í ṣe é báyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń yan ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó fara pa, yánnayànna. Ẹni tí wọ́n lù, lálùbami. Ìkìlọ̀, gbọnmọgbọnmọ. Ilé jóná ráúráú. Àìsàn le koko. Ẹ wá sọ pé wọ́n lu olè "ráúráú", kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe máa fi yín rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1852, nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe (Òṣogùn ni wọ́n ti bí i o, kì í ṣe Òṣogbo wa), Vidal, bíṣọ́ọ̀bù Sàró tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ti kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lédè wa ló ní èyí tó ń tẹ̀ lé e. Àlejò rí i, àwa onílé wá ń fi "gan-an" bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àti pé jọ̀ọ́, "I warned him severally" kì í ṣe "severely". Ẹ̀ẹ̀mélòó kan la fi ń pè é ní Nàìjíríà. Ẹ lè kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó má gbọnmọgbọnmọ rárá.

Ẹ̀gbọ́n ti ń jẹun báyìí, a dúpẹ́. Ẹ̀yin ará Iléṣà, kí lẹ máa ń sọ nílé yín tẹ́nì kan bá fara pa bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kó wọn jọ.