Ìkòkò Tí Yóò Jẹ Ata: Bí A Ṣe Ń Yan Ìkòkò Stainless Fún Oúnjẹ Ojoojúmọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbóná. Ọ̀rọ̀ ìfaradà ni a máa ń fi òwe yìí sọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a mú un gẹ́gẹ́ bí ó ṣe dún létí gan-an, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìdí ìkòkò sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba yàrá tèmi, ìkòkò mẹ́fà ni mo rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n tò wọ́n sínú ara wọn nínú páálí kan, láti orí èyí tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù, gbogbo wọn sì ń dán gbinrin débi pé mo rí ojú ara mi nínú wọn. Ẹni tó tà wọ́n fún mi fi ìka ta ọ̀kan, ó dún gooro bí agogo. Ó ní, "Oníbàárà mi, ojúlówó stainless rèé, ẹ ó lò ó títí ni." Mo sanwó, inú mi dùn. Ìrẹsì àkọ́kọ́ tí mo sè jóná láàárín, etí rẹ̀ kò sì tíì jinná. Ata tí mo dín ní ọjọ́ kejì lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò bí àtè. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìdí méjì nínú wọn ti wú síta, wọn kò sì lè jókòó dáadáa mọ́ lórí sítóòfù gáàsì. Nígbà tí ìyá mi wá kí mi, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ọ̀kan, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, ìdí náà sì wọlé. Ó ní, "Ojú ni o wò, o ò wo ìdí."

Owó tí mo ná sórí ìkòkò mẹ́fà yẹn ì bá ra ẹyọ kan tó dára. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ló wà ní ipò tí mo wà nígbà náà. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbalé, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó; owó kò pọ̀, ọjà sì kún fún ohun tó ń dán. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a tú ìdí ọ̀rọ̀ náà wò.

Irin tí kì í tètè dípẹtà

Irin lásán máa ń dípẹtà bí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Ní ọdún 1913, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Brearley ń wá irin tí yóò dára fún ọ̀pá ìbọn, ó sì ṣàkíyèsí pé irin tí a po chromium púpọ̀ mọ́ kì í tètè dípẹtà. Ohun tó fà á ni pé chromium náà máa ń bá afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀, yóò sì di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú kò lè rí, èyí tó bo irin náà. Bí a bá ha awọ náà, yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Kí a tó lè pe irin kan ní stainless, ó kéré tán, ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ chromium.

Awọ yìí ló fà á tí tòmátì àti ọsàn wẹ́wẹ́ kì í fi ba ìkòkò bẹ́ẹ̀ jẹ́. Aluminium lásán kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kíkan máa ń jẹ ẹ́. Ní ti ìkòkò tí a yọ́ láti inú àlòkù irin, a kì í mọ gbogbo ohun tí wọ́n dà pọ̀. Àwọn olùwádìí tí wọ́n yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò ní Kamẹrúùnù rí i pé òjé ń jáde lára wọn, òjé kò sì dára fún ara ẹnikẹ́ni, pàápàá ọmọdé. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ ata àti tòmátì lójoojúmọ́ ti rí ìdí pàtàkì kan láti fi owó ra stainless.

Lára páálí tàbí ní ìdí ìkòkò, ẹ ó rí 18/10, 18/8 tàbí 18/0. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìdá chromium nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì sì ni ti nickel. Nickel ló ń fi kún agbára irin náà láti kọ ìpẹtà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 18/10 àti 18/8 kò tó nǹkan nínú ilé ìdáná. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ gba owó ńlá lọ́wọ́ yín. 18/0 kò ní nickel. Owó rẹ̀ máa ń kéré, ó sì tètè máa ń ní àbàwọ́n, ṣùgbọ́n òun ló yẹ ẹni tí nickel máa ń mú ara rẹ̀ yún. Bí ìkòkò kò bá ní nọ́ńbà kankan, ẹ fura. Irin olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n fi manganese rọ́pò apá kan nínú nickel rẹ̀, iyọ̀ sì tètè máa ń jẹ irú irin bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń mú òòfà lọ sọ́jà láti fi dán ìkòkò wò. Òòtọ́ ni pé òòfà kì í sábà mú 18/10 àti 18/8, ó sì máa ń mú 18/0. Ṣùgbọ́n kì í sábà mú irin onímanganese tí mo sọ yìí náà. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ojúlówó ìkòkò ni wọ́n fi irin tí òòfà ń mú sí abẹ́ wọn, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ lórí sítóòfù induction. Òòfà nìkan kò tó ẹlẹ́rìí.

Ibi tí stainless kù sí

Kò sí ohun tó dára tí kò ní àléébù. Àléébù stainless ni pé kì í gbé ooru dáadáa. Ibi tí iná bá ti kàn án ni yóò gbóná. Ooru náà kì í tètè rìn dé etí. Aluminium ń gbé ooru jù ú lọ ní ohun tó ju ìlọ́po mẹ́wàá, bàbà sì tún ju aluminium lọ. Bí ìkòkò bá wá jẹ́ stainless fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan, àárín rẹ̀ yóò máa jó nígbà tí etí rẹ̀ ṣì tutù. Ohun tó ṣe ìrẹsì mi nìyẹn. Ooru náà ló sì ń na àárín ìdí tí ó fi ń wú síta.

Ọgbọ́n tí àwọn tó ń rọ ìkòkò dá sí i ni pé wọ́n fi aluminium tàbí bàbà sáàárín stainless méjì, bí a ṣe ń fi ẹyin sáàárín búrẹ́dì. Stainless ló ń kan oúnjẹ, aluminium ló ń pín ooru; aluminium náà kò sì kan ọbẹ̀ yín rárá.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Nínú ọ̀kan, ìdí nìkan ni wọ́n lẹ aluminium mọ́, bí àwo pẹrẹsẹ kan tó nípọn. Nínú èkejì, ipele mẹ́ta náà gòkè láti ìdí títí dé ẹnu ìkòkò. Èkejì yìí máa ń wọ́n jù, ṣùgbọ́n òun ló dára jù fún ohun tó nípọn tí a ń rò, bí ògì àti ọbẹ̀ ata, nítorí pé ara ìkòkò náà ń gbóná bákan náà. Fún omi sísè, ìrẹsì àti ẹ̀wà, èkíní tó. Bí ó bá jẹ́ gáàsì ni ẹ ń lò, tí ẹ sì fẹ́ ra èkíní, ẹ rí i pé àwo ìdí náà fẹ̀ dé etí ìkòkò. Bí ó bá kéré ju ìkòkò lọ, iná yóò máa lá ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí i ká, ibẹ̀ ni oúnjẹ yóò sì ti máa jó.

Ohun tí a ó ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù

Èkíní, ẹ gbé e. Ìkòkò tó ní ìdí gidi máa ń wúwo níwọ̀nba, ìdí rẹ̀ ni ìwúwo náà sì pọ̀ sí. Ẹ ta ìdí náà níka. Bí ó bá dún gooro bí agogo, ó fẹ́lẹ́. Èyí tó nípọn máa ń dún kì.

Èkejì, ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti ṣe. Kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ fi etí rúlà lé e. Bí àárín rẹ̀ bá wọnú díẹ̀ báyìí nígbà tó tutù, kò burú, nítorí pé yóò tẹ́jú bí ó bá gbóná. Bí ó bá yọ síta, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ìṣó gbá mọ́ ara ìkòkò máa ń le ju èyí tí wọ́n kàn jó mọ́ ọn ní ojú kan tàbí méjì lọ. Ẹ dì í mú bí ẹni pé omi kún inú rẹ̀. Bí ó bá ń gún yín lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, yóò gún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé. Bí ẹ bá fẹ́ máa ro àmàlà nínú rẹ̀, ẹ ra elétí méjì. Ìkòkò ọlọ́wọ́ gígùn kan kò lè fara da ọmọrógùn fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo ọmọrí rẹ̀ bóyá ó bá ẹnu ìkòkò mu, kí ẹ sì wo bí ó ṣe tóbi tó. Lítà 2 tó fún ẹnì kan tàbí ẹni méjì. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún ẹni mẹ́rin lè mú lítà 3 tàbí 4.

Bí a ṣe ń lò ó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ra ìkòkò tó dára, wọ́n sì kórìíra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé oúnjẹ ń lẹ̀ mọ́ ọn. Òwe wa ti dá wọn lóhùn: ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbóná. Bí ẹ bá fẹ́ dín nǹkan, ẹ gbé ìkòkò ka iná tí kò pọ̀ jù fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i. Bí omi náà bá kàn hó tó sì gbẹ, kò tíì tó. Bí ó bá ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń yí kiri, ó ti tó. Ẹ dín iná kù díẹ̀, ẹ da òróró sí i, lẹ́yìn náà ni kí alùbọ́sà tàbí ẹja wọlé. Ẹ má ṣe kánjú yí ẹja. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n, yóò jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ má ṣe da iyọ̀ sínú omi tútù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi hó kí iyọ̀ tó wọ inú rẹ̀, kí iyọ̀ má baà jókòó sí ìdí kó sì dá ihò wẹ́wẹ́ sí i. Bí ìkòkò bá jóná, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Kànǹkàn onírin yóò ha á. Àwọ̀ bí òṣùmàrè tó máa ń yọ nínú rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Vinegar tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ yóò mú un kúrò.

Nínú ìkòkò mẹ́fà mi, ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù. Gaàrí ni mo fi ń bù. Èyí tí mo ń se oúnjẹ nínú rẹ̀ lónìí, ẹyọ kan péré ni mo rà, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ kí n tó fi èkejì kún un. Ojú rẹ̀ kò dán bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìyá mi tún wá, ó gbé e, ó dojú rẹ̀ dé, ó tẹ ìdí rẹ̀, kò wọlé. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé e ka iná, ó ní kí n lọ bọ́ alùbọ́sà wá.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá dé ọjà, ẹ ra ẹyọ kan tó ní ìdí, kí ẹ fi mẹ́fà tó ń dán sílẹ̀. Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ọbẹ̀ yín má jóná o.