Ohun tí mo kà sí ọdún 2024

Bí ọdún 2024 ṣe ń parí, ohun ńlá nìkan làwọn èèyàn ń kà: ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba gbé sí ₦70,000, owó epo. Wọ́n ṣe pàtàkì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi tíṣà tó ti fẹ̀yìntì sí Ìwàrò-Ọ̀kà ní Àkókó ò gbà pé ibẹ̀ ni ọdún wà.

Ọdún tèmi wà nínú mọ́tò tó ń ti Ìkàrẹ́ bọ̀. Òjò ká wa mọ́ Àkùngbá, ni ọmọ yunifásítì kan bá gba àpò iṣu tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó gbé e lé orúnkún ara rẹ̀ títí a fi dé Ọ̀kà. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ṣàdúrà fún un kí n tó sùn, mo sì ń ṣe é di òní. Lọ́jọ́ ìbò náà, àwọn ọ̀dọ́ ló dìde lórí bẹ́ǹṣì kí àwa àgbà lè jókòó. Ìyẹn ni mo rántí ju ẹni tó wọlé lọ. Ẹ̀kọ gbígbóná tí aládùúgbò mi fi ránṣẹ́ ní àárọ̀ ọyẹ́ ńkọ́, nígbà tí kùrukùru bo gbogbo òkè Ọ̀kà?

Ẹ̀yin ọmọ Àkókó tó wà l'Ékòó àti Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ bá pe ilé, ẹ má bi àwọn òbí yín léèrè owó gààrí nìkan. Ẹ bi wọ́n pé ta ló kí wọn láàárọ̀, kí ni wọ́n jọ sọ. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn náà tán, kódà bó bá gùn.